Orí Ọmọ Tí Ọláwọlé Fi Búra

Ta ló di etí Ọpẹ́? Títí di òní, bí ẹ bá bi Tinúadé, ìyá rẹ̀, kò mọ èyí tí yóò mú nínú ìdáhùn tó ń jà nínú ọkàn rẹ̀. Ẹ̀yin òbí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ka ìtàn yìí dé ìdajì kí ẹ jù ú sílẹ̀. Ẹ kà á dé ìsàlẹ̀ pátápátá kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn.

1.

Dópẹ́mù ni wọ́n ń gbé. Ọláwọlé, ọkọ Tinúadé, ọmọ Èkìtì, ń ṣiṣẹ́ nílé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ike ní Ìlúpéjú. Èèyàn dáadáa ni. Ẹnu rẹ̀ nìkan ni kò ní ìjánu.

Ọdún kejì tí ìjọba alágbádá padà dé nìyẹn, tí àwọn eléré ìdárayá wa lọ sí ìdíje Òlíńpíìkì ní Sídínì. Fàdákà ti wọlé, wúrà kò tíì dé. Ó wá ku eré ìje tí ọkùnrin mẹ́rin máa ń gba ọ̀pá lọ́wọ́ ara wọn. Àárọ̀ Sátidé ni. Ṣọ́ọ̀bù Suara onígbàjámọ̀ ni gbogbo àdúgbò ti ń wò ó, torí òun ló ní jẹnẹrétọ̀. Ọláwọlé gbé Ọpẹ́ sápá, ọmọ tí kò tíì ju ọdún kan lọ.

“Ará Èkìtì,” ni Suara wí, abẹ lọ́wọ́ rẹ̀, “Àmẹ́ríkà la fẹ́ bá sáré o, kì í ṣe Gánà. Jókòó jẹ́ẹ́.”

“Góòlù ni lónìí, Bọ̀ọ̀dá Suara!”

“Ta ló sọ fún ẹ? Àbí ìwọ lo fẹ́ bá wọn gbé ẹsẹ̀?”

Ni gbogbo wọn bá bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló ká Ọláwọlé lára. Ó gbé ọwọ́ lé orí ọmọ.

“Mo fi orí ọmọ mi yìí búra, góòlù la máa gbà!”

Tinúadé tó ń ru omi kọjá dúró gbagidi. Omi dà sí i lẹ́sẹ̀. Suara fúnra rẹ̀ gbé abẹ sílẹ̀.

“Gbé ọwọ́ kúrò lórí ọmọ ọlọ́mọ, jàre. Eré là ń ṣe.”

2.

Ẹni tó gba ọ̀pá kẹ́yìn fún wa sáré bí ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó. Ó lé wọn, ó bá wọn, ó ń kọjá wọn. Ó wá ku ẹyọ ẹnìkan ṣoṣo níwájú. Àmẹ́ríkà ṣe ìkíní, Nàìjíríà tẹ̀lé e. Fàdákà.

Àdúgbò gbiná! Wọ́n gbé àga sókè, wọ́n ń jó. Inú Tinúadé dùn, ẹ̀rù sì bà á, kò mọ èyí tó ṣáájú èkejì. Ó gba ọmọ lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀.

“Bàbá Ọpẹ́, kì í ṣe góòlù.”

“Ó sún mọ́ góòlù!” ni ọkọ fèsì, ó ń jó lọ.

3.

Kí ọ̀sẹ̀ tuntun tó rinlẹ̀, ara Ọpẹ́ gbóná. Kò fa ọmú. Bí wọ́n bá fọwọ́ kan ọrùn rẹ̀, a figbe ta.

Fàúsát, ìyàwó Suara, yà wọlé, ó wo ọmọ. “Ìyá Ọpẹ́, ẹ gbé ọmọ yìí lọ sí ọsibítù.”

“Àǹtí Fàúsát, ìbúra ni.”

“Ìbúra kọ́, ìbúra ni! Ibà ni, ẹ dìde!”

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ẹ má tíì bú u. Níbi tí Tinúadé ti dàgbà, wọ́n ní ẹnu tó búra nìkan ló lè tú u. Ó bá dúró de ọkọ rẹ̀.

“Kí n lọ kúnlẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, kí n ní mo fi ọmọ ta tẹ́tẹ́?” ni Ọláwọlé wí. “Kí Suara gbọ́? Wọn á fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ dé Àkówọnjọ! Gbé e lọ sí ọsibítù bó o bá fẹ́.”

“Abẹ́rẹ́ wo ló ń tú ìbúra, Bàbá Ọpẹ́?”

Bí ìyàwó ṣe ń bẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ọkọ ń kọ̀. Ilẹ̀ ń ṣú, ilẹ̀ ń mọ́.

4.

Ìgbà tí ojú ọmọ yí padà ni ìgbéraga Ọláwọlé tó wálẹ̀. Ó kúnlẹ̀ níwájú pẹpẹ, ó fi ẹnu ara rẹ̀ kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ. Ìyá Ìjọ gbàdúrà, ó wọ́n omi lé ọmọ lórí, ó ní, “Ó yá, ẹ gba ibí lọ sí ọsibítù tààrà o.”

Ṣùgbọ́n ara ọmọ tutù díẹ̀. Tọkọtaya wo ara wọn, wọ́n mí kanlẹ̀, wọ́n gba ilé lọ.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, gìrì mú Ọpẹ́.

“Níbo lẹ ti wà látọjọ́ yìí?” ni dókítà bi wọ́n ní Ìkẹjà. Àìsàn náà ti wọ ọpọlọ.

Ọpẹ́ kò kú. Ẹ bá wọn dúpẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n padà délé, ìdérí ìkòkò bọ́ lọ́wọ́ Tinúadé, ó dún gbàǹgàlà. Ọmọ kò yíjú. Ó pè é. Ó tún pè é. Ó lọ sẹ́yìn rẹ̀, ó pàtẹ́wọ́. Ọpẹ́ ń fi ìka ṣeré nínú oòrùn.

5.

Nígbà mìíràn, Tinúadé á ní ẹnu ọkọ òun ni. Kó tó bínú tán, á rántí pé òun náà lòun jókòó ti ọmọ. Á ní ibà lásán ni. Á tún ní, bó bá jẹ́ ibà lásán, kí ló dé tó fi jẹ́ ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an?

Ẹ̀yin bàbá, ohun tí agbára yín kò ká, ẹ má fi orí ọmọ dúró fún un. Ẹ̀yin ìyá, bí ara ọmọ bá gbóná, tí ọrùn ń dùn ún, ẹ gbé e dìde, kí ẹ máa gbàdúrà lójú ọ̀nà. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Ọpẹ́ ti ń lọ sílé-ìwé àwọn ọmọ tí kò gbọ́ràn, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ga tó ìyá rẹ̀, kí Tinúadé tó gbọ́ ìyókù lórí rédíò. Ọ̀kan nínú àwọn ará Àmẹ́ríkà tó sáré lọ́jọ́ náà ti jẹ́wọ́ pé òun lo oògùn tí òfin eré kò gbà. Wọ́n ti gba wúrà náà lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì ti gbé e fún Nàìjíríà. Ìbúra tí wọ́n tìtorí rẹ̀ jókòó ti ọmọ nínú ilé kò já sí irọ́ rárá.