Mọ́kànlá Lábẹ́ Orúkọ Haverkamp

Iṣẹ́ Verna Stuckey ni kó ka ìwé àwọn aláìsàn, kó sì sọ àìsàn wọn di kóòdù. Ọdún kọkàndínlógún rẹ̀ rèé lẹ́nu iṣẹ́ náà, ní ọsibítù ńlá kan ní gúúsù Indiana. Èyí tí wọ́n pín fún un ni ẹ̀rọ inú ara tó bá kẹ̀: ti orúnkún, ti ọkàn, àti èyí tí wọ́n ń ki wáyà rẹ̀ sí ọ̀pá ẹ̀yìn kí ìrora lè rọlẹ̀. Bó bá jẹ́ wáyà ni kòkòrò àrùn wọ̀, T85.733 ni. Bó bá jẹ́ bátìrì, T85.734. Orúkọ dókítà tó bá tọ́jú aláìsàn ni kọ̀ǹpútà á fi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kóòdù. Marcy Uebelhor, tó jókòó lódìkejì pátákó, ló ń kọ ti àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ẹ̀rọ sí lára. Ìwé mẹ́rin ni kálukú gbọ́dọ̀ parí ní wákàtí kan, nítorí náà, ohun tí kóòdù bá béèrè nìkan ni wọ́n ń kà, kò sì sẹ́ni tó ń yọjú sí iṣẹ́ ẹnì kejì.

Ní oṣù kẹta ọdún náà, wọ́n ní kí Lyle, ọkọ Verna, wá gba irú ẹ̀rọ yìí sẹ́yìn. Ọdún mẹ́rìndínlógún ni Lyle fi ń gbé pákó ní ilé iṣẹ́ tó ń kan àga, kí ẹ̀yìn rẹ̀ tó kọṣẹ́. Kò lè sùn lórí bẹ́ẹ̀dì mọ́. Ilẹ̀ pálọ̀ ló ń sùn sí, yóò gbé ẹsẹ̀ méjèèjì lé àga. Ọkùnrin tó máa ń pa gbogbo ilé lẹ́rìn-ín wá di ẹni tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀ tí kì í dáhùn, ó sì ń dun Verna dọ́kàn. Dókítà Haverkamp ni wọ́n darí wọn sí.

Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an ni ìwé kan dé iwájú Verna: wáyà, ọyún, wọ́n yọ ọ́. Haverkamp. Ó kọ T85.733, ó kọ ti kòkòrò àrùn tẹ̀ lé e. Kò pé ọjọ́ márùn-ún tí òmíràn dé. Haverkamp náà ni. Ara bẹ̀rẹ̀ sí í fu ú. Ìfura loògùn àgbà. Ó ní kí kọ̀ǹpútà kó ti ọdún kan jáde.

Mọ́kànlá ni ẹ̀rọ ẹ̀yìn tó kẹ̀, orúkọ Haverkamp ló sì wà lára gbogbo wọn. Dókítà Pruitt, ẹnì kejì tó ń ṣe irú iṣẹ́ abẹ yìí, kò ní ẹyọ kan. Bẹ́ẹ̀ Pruitt ń fi ẹ̀rọ sí igba èèyàn lára lọ́dún, ní ilé kékeré tí ọsibítù náà ní lódìkejì odò, níbi tí èèyàn ti ń wọlé láàárọ̀ tó sì ń lọ sílé lọ́sàn-án. Wọn ò ní bẹ́ẹ̀dì níbẹ̀. Haverkamp kì í ṣe ju ọgbọ̀n lọ.

Verna fọgbọ́n bi Marcy léèrè irú èèyàn tí àwọn méjèèjì jẹ́. Marcy ní Pruitt ń ra dónọ́ọ̀tì wá nígbàkigbà tó bá sọdá wá, ó sì mọ orúkọ gbogbo wọn. Ó ní ti Haverkamp, ẹni tó bá kí i tó sì gbọ́ èsì, kó lọ dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Nígbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ Haverkamp, ó fọwọ́ tẹ ẹ̀yìn Lyle díẹ̀díẹ̀, ó ní kó yanu, ó sì rí eyín kan tó ti kẹ̀. Ó ní kí wọ́n yọ eyín náà ná, kí ibẹ̀ sì jinná, bó gba oṣù méjì, kí kòkòrò àrùn má baà tibẹ̀ wọ ẹ̀rọ. Ọkàn Lyle rẹ̀wẹ̀sì. Verna ò lè dárúkọ ohun tó kà lọ́fíìsì, òfin ò gbà á, ṣùgbọ́n kò sí òfin tó ní kó má béèrè.

“Dókítà, ẹ má bínú o. Nínú àwọn tí ẹ̀yin fi ẹ̀rọ yìí sí lára, mélòó ló ti kẹ̀?”

“Ẹyọ kan,” ni Haverkamp wí. “Ó ti tó ọdún mẹ́fà.”

Kò tiẹ̀ ṣẹ́jú. Irọ́ funfun báláú, ni Verna sọ nínú ọkàn rẹ̀. Nínú mọ́tò, ó ní àwọn ń lọ sọ́dọ̀ Pruitt.

“Kí ni ọkùnrin yẹn fi ṣe ọ́?” ni Lyle béèrè. “Èmi fẹ́ràn rẹ̀ o. Òun nìkan ló fọwọ́ kan mi kó tó sọ̀rọ̀.”

“Lyle, ṣé o gbà mí gbọ́?”

“Ta ni mo tún fẹ́ gbà gbọ́?”

“Ó dáa. Má béèrè mọ́.”

Pruitt kí wọn tẹ̀rín-tẹ̀rín. Kò wo ẹnu ẹnikẹ́ni. Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e ló ṣe é, agogo méjì ọ̀sán ò tíì lù tí Lyle fi délé. Alẹ́ ọjọ́ kẹta, orí bẹ́ẹ̀dì ló sùn mọ́jú. Láàárọ̀, ó ń fi Verna ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó ń hanrun, Verna sì lọ sunkún ayọ̀ ní ilé ìwẹ̀.

Ó ku Haverkamp. Verna pinnu pé òun máa fi ẹjọ́ rẹ̀ sun ìgbìmọ̀ tó ń rí sí irú nǹkan báyìí, kó má baà ba ti ẹlòmíràn jẹ́. Ní ọjọ́ kejìlá lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ náà, Lyle ní òtútù díẹ̀ ń mú òun, ó padà sábẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì. Verna po tíì fún un, ó sì lọ síbi iṣẹ́. Ìwé kejìlá ti ń dúró dè é: obìnrin ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, bátìrì, T85.734, Haverkamp. Nítorí ẹjọ́ tó fẹ́ fi sùn, ó ka ìwé náà láti ìbẹ̀rẹ̀, ohun tí kò ṣe rí, ó sì ṣí àwọn mọ́kànlá tó kù lọ́kọ̀ọ̀kan.

Nínú gbogbo méjèèjìlá, gbólóhùn kan náà ni Haverkamp fi bẹ̀rẹ̀: Dókítà Pruitt ló fi ẹ̀rọ yìí sí i lára lódìkejì odò, èmi ni wọ́n gbé e wá bá láti yọ ọ́.