Fóònù Onígi

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn tí bàbá ọmọ náà ré bọ́ láti òkè ilé tí wọ́n ń kọ́, olùkọ́ jẹ́lé-ó-sinmi pe ìyá rẹ̀ sí kọ̀rọ̀. Ọmọ ọdún márùn-ún ni ọmọbìnrin náà. Ọ̀gá ni gbogbo ilé ń pè é, nítorí kò sí ẹni tí kì í pàṣẹ fún. Wọ́n ti sọ fún un pé bàbá rẹ̀ lọ síbi iṣẹ́ kan tó jìnnà, níbi tí fóònù kì í wọlé.

"Mọ́mì Ọ̀gá, ọmọ yín ti dákẹ́ jù," olùkọ́ ní. "Ẹ ra ohun ìṣeré fún un, èyí tí kò níná, tí kì í kọrin. Ohun ìṣeré tó bá ń dá gbogbo nǹkan ṣe fúnra ẹ̀, kí ló kù tí ọmọ máa ṣe? Igi lásán ni kẹ́ ẹ rà. Ohun tó bá wà nínú ẹ̀, á fi kọ́ ọ."

Aránṣọ ni ìyá náà. Ó fi etí ìró nu ojú.

"Àǹtí, mi ò fẹ́ kó mọ̀. Ọkàn tèmi ti fọ́, kí tiẹ̀ ṣì wà lódindi. Ọjọ́ tí mo bá lè sọ ọ́ láìsunkún, màá sọ ọ́."

Ní ṣọ́ọ̀bù, ọkùnrin tó ń tajà fi fóònù oníke kan lé e lọ́wọ́. Ó tẹ̀ ẹ́, fóònù náà kọrin, ó sì ń tàn yinrinyinrin.

"Kò sọ́mọ tó máa rí èyí tí kò ní jó."

"Igi wẹ́wẹ́ inú àpótí yẹn ni mo fẹ́."

"Igi? Ìyá mi, ṣé ẹ fẹ́ dáná ni?"

Ìyá náà rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tó ti rẹ́rìn-ín kẹ́yìn. Ó gbé àpótí igi náà lọ sílé: gígùn, kúkúrú, onígun mẹ́rin, wọn ò kùn wọ́n ní ọ̀dà rárá.

Ilé ni Ọ̀gá kọ́kọ́ fi kọ́. Ó mú bọ́tìnnì mẹ́ta nínú agolo ìyá rẹ̀, ó tò wọ́n sínú ilé náà. Ó ní ìyá àgbà nìyí, màmá nìyí, òun nìyí.

"Bàbá ńkọ́?" ìyá rẹ̀ bi í.

Ọmọ náà wo ojú rẹ̀. Ó sáré mú bọ́tìnnì kẹrin, ó gbé e sẹ́nu ọ̀nà.

"Wọ́n ń bọ̀ lọ́nà," ó ní.

Lọ́jọ́ kejì, ìyá náà ń sunkún nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ.

"Màmá, ojú yín pọ́n."

"Eruku aṣọ ló kó sí i."

"Ẹ pẹ̀lẹ́." Ọmọ náà mú igi gígùn kan, ó fi sétí. "Hẹ́lò? Ẹ káàárọ̀ sà. Bẹ́ẹ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ ni. Màá sọ fún wọn." Ó gbé igi sílẹ̀. "Bàbá ní kẹ́ ẹ jẹun."

"Ṣebí fóònù kì í wọlé níbẹ̀?"

"Tèmi ń wọlé."

Ìyá náà dìde, ó lọ jẹun. Láti ọjọ́ náà ni ọmọ náà ti ń jẹ́ iṣẹ́ bàbá rẹ̀ fún un. Bàbá ní kí Màmá lọ sùn. Bàbá ní kí wọ́n yéé jókòó sínú òkùnkùn. Bàbá ní aṣọ búlúù yẹn yẹ wọ́n. Ọmọ náà kò béèrè ọjọ́ tí bàbá rẹ̀ máa dé rí. Inú ìyá náà dùn pé ọmọ òun gba irọ́ náà gbọ́, inú rẹ̀ sì bàjẹ́ pé ó gbà á gbọ́.

Lọ́jọ́ kan, ìyá náà na ọwọ́.

"Gbé e wá, kí n kí wọn."

Ọ̀gá gbá igi náà mọ́ àyà.

"Ó ti já," ó ní.

Ìyá àgbà, tó ń gbọ́ gbogbo rẹ̀ lórí àga rẹ̀, dúró títí ọmọ fi lọ wẹ̀.

"Ìwọ ò kíyè sí i? Tí o ò bá sí nílé, kì í pe ẹnì kankan. Tí mo bá ní kó bá mi kí i, á ní fóònù òun ò ní káàdì."

"Màmá, ọmọdé ni. Ó ń retí bàbá ẹ̀, èmi ni mo sì ń tàn án."

"Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Sọ fún un."

Ìyá náà gbìyànjú lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni omi ojú ṣáájú ọ̀rọ̀, tí ọmọ náà sì sáré lọ gbé igi. Ní ọjọ́ Ajé, ó tẹ̀ lé e lọ sílé ìwé.

"Àǹtí, ẹ dákun, ẹ bá mi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ti bẹ̀rẹ̀, màá wọlé, màá gbá a mọ́ra."

Ó dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Olùkọ́ lọ jókòó sórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ náà.

"Ọ̀gá, mo fẹ́ bá ẹ sọ̀rọ̀ nípa bàbá ẹ."

Ọmọ náà wo ẹnu ọ̀nà. Ó rọra sún mọ́ olùkọ́, ó gbé ìka lé ètè.

"Ẹ má pariwo, Àǹtí," ó ní, "lọ́jọ́ tí wọ́n wá sọ nílé pé bàbá mi ti kú, ìyá àgbà ní kẹ́nì kankan má tíì jẹ́ kí màmá mi gbọ́."