Yẹ̀pẹ̀ Àkọ́kọ́

"Èmi ni mo kọ́kọ́ dé ayé." Táyéwò fa ṣọ́bìrì mọ́ra lẹ́bàá sàréè Sájẹ́ńtì, bàbá wọn, ní Baruwa. "Èmi ni màá kọ́kọ́ bu yẹ̀pẹ̀."

"Èmi ni mo rán ẹ wá tọ́ ayé wò," Kẹ́hìndé dá a lóhùn. "Jù ú sílẹ̀ kí n tó gbá ẹ létí, jàre."

Ìyá wọn já ṣọ́bìrì gbà.

"Sájẹ́ńtì kọ́ ló bí yín. Ọ̀rẹ́ wọn tó bí yín kú sógun Liberia, oyún yín ṣì wà nínú mi. Sájẹ́ńtì sì fẹ́ mi."

Kò sẹ́ni tó nawọ́ sí ṣọ́bìrì mọ́.

"Mo bẹ̀ wọ́n títí kí wọ́n bí tiwọn. Wọ́n ní àwọn ò fẹ́ ẹni tó máa bá yín du yẹ̀pẹ̀ yìí."