Búrẹ́dì Tí Wọ́n So Mọ́ Ọmọ Lọ́rùn

Ẹ má fi ìtàn yìí ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni láì tíì kà á tán. Ẹ kà á dé ìsàlẹ̀ ná.

Obìnrin oníbúrẹ́dì kan fi okùn so búrẹ́dì gbígbẹ mẹ́ta pọ̀, ó fi kọ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ tó gbà tọ́ lọ́rùn, ó sì mú un dúró sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù láti àárọ̀ títí di ọ̀sán. Kò sí àbùmọ́ níbẹ̀.

1.
Ọdún mọ́kànlá ni òun àti ọkọ rẹ̀, tó ń wa ọkọ̀ akẹ́kọ̀ọ́, fi wá ọmọ tí wọn ò rí. Ni wọ́n bá lọ sí ilé àwọn ọmọ aláìlóbìí, wọ́n mú ọmọbìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Jẹ́jẹ́, torí ó máa ń rìn bí ẹni tí kò fẹ́ kí ilẹ̀ mọ̀ pé òun ń tẹ̀ ẹ́. Ilé ẹjọ́ ní kó kọ́kọ́ lo oṣù mẹ́fà lọ́dọ̀ wọn kí ìwé tó jáde pé ó ti di ọmọ wọn.

Obìnrin òṣìṣẹ́ ilé àwọn ọmọ aláìlóbìí tó mú un wá ṣàlàyé fún ìyá oníbúrẹ́dì pé wọ́n ti febi pa ọmọ yìí rí níbi tó gbé tẹ́lẹ̀. Ó ní yóò máa kó oúnjẹ pamọ́, kì í ṣe olè, ẹ̀rù ló ń bà á. Kí wọ́n fún un ní agolo tirẹ̀, kí oúnjẹ má tán níbẹ̀. Ọjọ́ tí ọkàn rẹ̀ bá balẹ̀, yóò jáwọ́.

Ìyá oníbúrẹ́dì ń po ìyẹ̀fun, ó ń mi orí. Etí ló fi gbọ́, kò fọkàn gbọ́. Nílé tí búrẹ́dì ti ń jáde nínú ààrò lójoojúmọ́, kí lọmọ fẹ́ fi agolo ṣe?

2.
Lóṣù karùn-ún, ó ń pààrọ̀ aṣọ ibùsùn, ó rí búrẹ́dì mẹ́ta lábẹ́ ìrọ̀rí. Ó kó o, ó fa ọmọ náà jáde sí ṣọ́ọ̀bù, lójú àwọn oníbàárà. Ọ̀kan nínú wọn dápàárá:

"Ìyá oníbúrẹ́dì, ṣé eku ẹlẹ́sẹ̀ méjì lẹ lọ gbé wálé ni?"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn dun ìyá oníbúrẹ́dì ju búrẹ́dì lọ, ló bá wá okùn.

"Ẹ jọ̀ọ́, Mọ́mì," ni ọmọ náà wí.

"Àǹtí" ló ti ń pè é láti ọjọ́ tó dé. Ọ̀rọ̀ tí obìnrin yìí ti ń retí fún ọdún mọ́kànlá dé, kò gbọ́ ọ. Okùn ló ń ta ní kókó.

3.
Ọkọ rẹ̀ dé lọ́sàn-án, ó tú okùn náà.

"Mò ń tọ́ ọmọ mi ni," ni ìyàwó rẹ̀ wí.

"Ká ní ìwọ lo bí i, ṣé wàá so búrẹ́dì mọ́ ọn lọ́rùn?"

Ọkọ náà fúnra rẹ̀ ló pe obìnrin òṣìṣẹ́ náà. Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti mú Jẹ́jẹ́ lọ. Àwọn tó rẹ́rìn-ín ní ṣọ́ọ̀bù náà ló sì kọ́kọ́ ń pe obìnrin náà ní ìkà kiri àdúgbò. Ẹ̀yin tí ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ ò rí i pé ojú yín le?

4.
Ní ilé ẹjọ́, ìyá oníbúrẹ́dì kúnlẹ̀, ó sunkún, ó bẹ̀bẹ̀. Adájọ́ bi Jẹ́jẹ́ bóyá yóò padà sọ́dọ̀ wọn.

Ọmọ náà wo obìnrin náà títí.

"Ebi ò pa mí níbẹ̀," ó ní. "Ṣùgbọ́n mi ò padà."

Ó dìde, ó di ọwọ́ òṣìṣẹ́ náà mú, wọ́n jáde. Kò wẹ̀yìn.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ gba ọmọ tọ́, ọmọ tí ìyà ti jẹ rí kì í ṣe ìyẹ̀fun tẹ́ ẹ máa fi agbára pò. Ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n bá sọ fún yín nípa rẹ̀, ẹ má sì fi í ra iyì lójú ayé. Bí a bá fọwọ́ òsì bá ọmọ wí, ọwọ́ ọ̀tún là á fi fà á mọ́ra. Ẹni tó bá fi méjèèjì ta kókó, kí ni yóò fi dì í mú?