Àga Mẹ́rin fún Àwọn Olùpè

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, ìyá ìyàwó bi ọkọ ọmọ rẹ̀ léèrè iṣẹ́ tó ń ṣe. Ó ní òun ń sọ̀rọ̀ lórí rédíò àdúgbò. Ìyá ní ẹnu kì í ṣe ọwọ́, òun ò sì ní bá a sọ̀rọ̀ títí yóò fi ríṣẹ́. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Wọn ò mọ̀ pé ìyá náà kì í yẹhùn.

Nígbà tó di opó, ó kó wá sílé wọn, ẹ̀jẹ́ náà sì bá ẹrù rẹ̀ wọlé. "Sọ fún ọkọ rẹ," ló máa ń wí fún ọmọ rẹ̀, bí ọkọ náà tilẹ̀ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ wọn. Bí ọmọ ò bá sí nílé, ilẹ̀kùn ló ń bá wí: "Ìwọ ilẹ̀kùn yìí, wọn ò tì ọ́ o." Ọkọ á dìde, á lọ tì í. Ìyàwó máa ń bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú. Ó ní màmá òun kì í ṣe báyìí tẹ́lẹ̀. Tó bá ń pàlọ́ fáwọn ní kékeré, kìnnìún á bú ramúramù ní pálọ̀, kò sì sẹ́ni tó máa lè jáde lọ tọ̀.

Ohùn-Àárọ̀ ni àdúgbò ń pe ọkọ náà. Yàrá kótópó kan lókè ṣọ́ọ̀bù télọ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́, wọ́n sì fi kíréètì ẹyin bo ògiri rẹ̀ kí ariwo ẹ̀rọ ìránṣọ má baà wọlé. Ó máa ń kéde omi tí kò ní í yọ àti ọ̀nà tí wọ́n dí, lẹ́yìn náà á gba ìpè. Ó ń fọ́nnu pé bí òun bá gbọ́ ohùn èèyàn lẹ́ẹ̀kan, òun ti mọ̀ ọ́n nìyẹn.

Àwọn mẹ́rin ló ń pè. Sójà-Fẹ̀yìntì fẹ́ kí wọ́n gé igi ẹ̀gbẹ́ títì. Ìyàwó-Tuntun, tó ti ń jẹ́ ìyàwó tuntun bọ̀ láti ọdún mẹ́fà, ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gé e. Tíṣà ń bá àwọn méjèèjì wí, ajá Baba Alájá sì ń sọnù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ìjà igi yẹn le débi pé Ohùn-Àárọ̀ bẹ Sójà àti Ìyàwó-Tuntun kí wọ́n jọ wá sórí afẹ́fẹ́. Sójà kọ̀. Ìyàwó-Tuntun ní ibi tí sójà yẹn bá wà, òun ò lè sí níbẹ̀.

Lọ́sẹ̀ kan, Sójà ń wúkọ́. Ìyàwó-Tuntun náà ń wúkọ́. Nígbà tó kan Tíṣà, Ohùn-Àárọ̀ figbe ta pé ikọ́ ti wọ̀lú, ó sì pe nọ́ọ̀sì wá sórí ètò. Nọ́ọ̀sì ní ẹnì kan ṣoṣo ló wá gboògùn ikọ́. Ohùn-Àárọ̀ ní àwọn yòókù ń fi tiwọn pamọ́ ni.

Kò pẹ́ tí ọ̀gá tuntun fi dé síléeṣẹ́ náà. Ó ní ẹ̀rọ tó ń kọrin lè ṣe iṣẹ́ yìí, kì í sì í béèrè ìsinmi. Ọ̀rọ̀ àwọn olùpè mẹ́rin yìí ò sì yé e, kò dá a lójú pé wọ́n wà lóòótọ́.

"Ìròyìn ò tó àfojúbà," ló wí. "Kó wọn wá ní Sátidé, kí n fojú mi rí wọn. Bí wọn ò bá wá, ètò rẹ parí nìyẹn."

Ohùn-Àárọ̀ pè wọ́n lórí afẹ́fẹ́. Ẹ̀rù ń bà á, kò sì fi pamọ́. Iṣẹ́ yìí nìkan ló mọ̀, òun nìkan ló sì fẹ́ láyé. Sójà ní orúnkún ń dun òun. Ìyàwó-Tuntun ní òun á bi ọkọ òun. Tíṣà kí i tán, ó gé fóònù. Baba Alájá ní ajá òun tún ti sọnù.

Nílé, Màmá ò jẹun dáadáa lọ́sẹ̀ náà. "Ìwọ ilẹ̀kùn," ló wí lọ́jọ́ kan, "báwo niṣẹ́ ṣe ń bọ́ lọ́wọ́ ẹni tí kò níṣẹ́?" Ohùn-Àárọ̀ gbọ́, ó sì dùn ún wọra.

Lọ́jọ́ Sátidé, ó to àga mẹ́rin, ó lẹ orúkọ mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ̀gá jókòó, ó ń wo aago. Ẹnikẹ́ni ò wá. Ọ̀gá ti ń dé fìlà rẹ̀ kó máa lọ nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí, tí Màmá wọlé, tó ń mí hẹlẹ nítorí àtẹ̀gùn. Ohùn-Àárọ̀ rò pé ó wá wo ìtìjú òun ni. Ó kí i. Màmá kọjá lára rẹ̀, ó lọ jókòó sórí àga Sójà-Fẹ̀yìntì.

Ìyàwó ò sí níbẹ̀ láti bá wọn jíṣẹ́, nítorí náà Ohùn-Àárọ̀ yíjú sí ilẹ̀kùn.

"Ìwọ ilẹ̀kùn yìí, jọ̀ọ́, bá mi sọ fún Màmá pé àga àlejò nìyẹn."

Màmá wúkọ́ díẹ̀, ó sì fi ohùn ọkùnrin tó ti ń kí i lárààárọ̀ láti ọdún mẹ́fà sọ pé, "Má bínú, Ohùn-Àárọ̀, orúnkún yìí ló dá mi dúró," lẹ́yìn náà ó dìde, ó bọ́ sórí àga Ìyàwó-Tuntun, ó kọjú sí àga tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí rẹ̀, ó sì ní kí ẹni tó bá tó bẹ́ẹ̀ fọwọ́ kan igi yẹn.