Fóònù Eevi Jí ní Ọdún 1970

Ọjọ́ kẹrin oṣù kọkànlá ọdún 2022 ni Eevi kú ní ìlú Oulu, ní Finland. Fóònù rẹ̀ náà kọ̀, kò tàn mọ́.

Ọkọ rẹ̀ ń fi kánẹ́lì tuntun sí i, ìyẹn ọkàn ètò tó ń mú fóònù ṣiṣẹ́, tí àwọn èèyàn káàkiri ayé jọ ń kọ lọ́fẹ̀ẹ́. Ìgbà kẹtàdínlógún rèé. Taisto, ọ̀rẹ́ rẹ̀, ń mu kọfí.

"Agídí fóònù yìí jọ ti Eevi."

"Eevi máa ń tètè jí ní tiẹ̀, òun ló máa ń jí mi. Mu kọfí ẹ."

Iná tàn lójú fóònù. Taisto rẹ́rìn-ín.

"Ó ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1970 la wà. Ibẹ̀ ni fóònù tí kò mọ aago ti máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í kà. O gbàgbé ètò aago nínú kánẹ́lì ẹ. Tún un ṣe."

Ọkọ náà ṣírò. Ní 1970, Eevi jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ara rẹ̀ sì le.

"Jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀."

Ohun tí Eevi fi sílẹ̀ nínú fóònù náà nìyí: àwòrán mẹ́tàlá ti ajá wọn, nọ́ńbà dókítà eyín, ohun tó fẹ́ rà, ìyẹn búrẹ́dì ráì àti kọfí, àti aago ìtanijí kan, agogo mẹ́fà àárọ̀, tó sọ orúkọ rẹ̀ ní "Jí ọ̀lẹ mi".