Ẹ̀rín Tó Wà Lẹ́yìn Ilẹ̀kùn Títì

Ojúkòkòrò ló ba ayé ayàwòrán kan jẹ́. Kì í ṣe pé kò ríṣẹ́ ṣe. Ohun tó jẹ́ ti ẹlòmíì ló máa ń wò bíi pé tirẹ̀ ni.

Ó ṣí ojú òpó kan sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, níbi tí àwọn tí èèyàn wọn kú ti lè kó àwòrán àti ohùn olóògbé pa mọ́ sí. Ó ṣèlérí pé ọ̀fẹ́ ni títí ayé. Opó kan tó ń ránṣọ ní òdìkejì ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kó ẹ̀rín ọkọ rẹ̀ síbẹ̀, ìṣẹ́jú kan péré.

"Màmá, ẹ pa á rẹ́ lórí fóònù yín, kí àyè lè gba àwòrán aṣọ," ni ayàwòrán wí. "Kò ní sọnù lọ́wọ́ mi."

Opó gbà á gbọ́. Láràárọ̀ ló máa ń gbọ́ ẹ̀rín náà kó tó jókòó ti máṣíìnì rẹ̀.

Nígbà tí èrò pọ̀, ayàwòrán ti ilẹ̀kùn ojú òpó náà. Ẹni tí kò bá san owó oṣooṣù kò ní rí òkú rẹ̀ mọ́.

Opó sọdá wá bá a. "Ẹ jọ̀ọ́, bọ̀dá, ẹ̀rín yẹn nìkan ni kí ẹ fún mi. Mi ò ní yọ yín lẹ́nu mọ́."

"Gbogbo ayé ló ń gbowó báyìí," ló fèsì, kò tilẹ̀ gbójú sókè.

Ìyá rẹ̀, tó ń gé etí fọ́tò ní kọ̀rọ̀, dá sí i. "Ọmọ mi, wọ́n ní kó o bá àwọn tọ́jú ẹ̀ ni. Wọn ò tà á fún ẹ."

"Ìyá mi, ẹ jẹ́ n ṣiṣẹ́ mi." Ọ̀kánjúwà ni baba àrùn, ẹni tó ń ṣe kì í sì í mọ̀ pé ara òun ò yá.

Kò pẹ́ tí ìyá náà fi kú. Ohùn rẹ̀ kan ṣoṣo tó kù, níbi tó ti ń ṣúre fún ọmọ rẹ̀, orí ojú òpó yìí náà ló wà. Ṣùgbọ́n inú ti bí àwọn èèyàn, wọ́n ti ń kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan, owó ò sì wọlé mọ́. Iléeṣẹ́ tó ń bá ayàwòrán gbé ojú òpó náà sórí ẹ̀rọ wọn kọ̀wé sí i lẹ́ẹ̀mẹta pé kó san owó tó jẹ àwọn. Ó rò pé wọ́n á mú sùúrù. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan ó tẹ orúkọ ìyá rẹ̀, ó sì rí i pé wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ òun náà. Nígbà tó fi máa rí owó kó jọ, èsì kan ló bá a: "A ti pa gbogbo rẹ̀ rẹ́."

Ó sọdá lọ sọ́dọ̀ opó, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì oníbàárà.

"Màmá, ẹ̀rín ọkọ yín ti lọ. Ohùn ìyá mi náà ti lọ."

Opó ò bú u. Ó gbé orí lé máṣíìnì, ó sunkún, ayàwòrán náà sì sunkún. Eérú tọ ẹni tó dà á, ó sì ta sójú ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, kò sẹ́ni tó ní kí oníṣẹ́ má jẹ nídìí iṣẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá máa gbowó, kó sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Bó bá yí ìpinnu rẹ̀ padà, kó kọ́kọ́ dá ohun olóhun padà fún un. Ohun tí wọ́n fi pa mọ́ sí wa lọ́wọ́ kì í ṣe ọjà. Owó tó bá lọ ṣì lè padà wá, àmọ́ ohùn òkú kì í padà.